Ẹrù Lórí Ẹrù: Ohun Tí Ìpayà Tí Ń Kó Jọ Ń Ṣe fún Ọkàn

Ẹ̀kọ́ tí a mú wá ní ìdá mẹ́rin ọdún yìí kì í ṣe èyí tí a sábà máa ń gbọ́ nínú ẹgbẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sì sí ẹgbẹ́ obìnrin kan tí ọ̀rọ̀ náà kò kàn. Ó jẹ mọ́ àwọn ohun ẹ̀rù tí ojú ènìyàn ti rí láti kékeré títí dé àgbà, àti bí wọ́n ṣe lè para pọ̀ di àìsàn sí i lára nígbà tí gbogbo ènìyàn ti rò pé ọ̀ràn náà ti kọjá.

Ká sọ pé ìyá kan wà tí ó ń ta aṣọ. Iná jó ọjà wọn ní òru ọjọ́ kan, ìsọ̀ bí ogójì sì jó pẹ̀lú tirẹ̀. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, àwọn yòókù ti yá owó, wọ́n ti pàtẹ padà, ṣùgbọ́n ìyá yìí kò lè gba ojú ọ̀nà ọjà náà kọjá. Bí ó bá gbóòórùn èéfín, àyà rẹ̀ a já, òógùn a bò ó. Kì í rí oorun sùn. Bí ọmọ bá ṣèèṣì ju ìdérí ìkòkò sílẹ̀, a fò sókè, a sì jágbe mọ́ ọmọ náà, lẹ́yìn náà a lọ jókòó ní yàrá, a máa sunkún. Kò wá sí ìpàdé mọ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí sọ láàárín ara wọn pé, "Ṣé tìtorí ìsọ̀ kan náà ni? Àbí òun nìkan ni ọjà jó mọ́ lórí ni?"

Ìbéèrè yẹn gan-an ni a fẹ́ dáhùn. Nítorí bí a bá fara balẹ̀ bi ìyá náà léèrè, a ó gbọ́ pé nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún mẹ́jọ, odò gbé àbúrò rẹ̀ lọ ní ìṣojú rẹ̀. A ó gbọ́ pé ọkọ tí ó kọ́kọ́ fẹ́ a máa lù ú, títí ó fi sá kúrò nílé náà ní òru pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. A ó gbọ́ pé ó wà lára àwọn tí ó sáré ní alẹ́ ọjọ́ tí bọ́ǹbù bú ní Ìkẹjà. Iná ọjà ni ó dé kẹ́yìn. Ẹrù tí ó wà lókè pátápátá ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí. Wọn kò rí àwọn tí ó wà lábẹ́ rẹ̀.

A kàn fi ìyá aláṣọ yìí ṣe àpẹẹrẹ ni, kì í ṣe ẹnì kan pàtó. Ṣùgbọ́n ti bọ́ǹbù Ìkẹjà kì í ṣe àlọ́. Ọjọ́ Àìkú ni, ọjọ́ 27 oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2002. Iná ràn dé ibi tí àwọn ológun ń kó ohun ìjà sí ní bárékè wọn ní Ìkẹjà, bọ́ǹbù sì ń bú léraléra títí ilẹ̀ fi ṣú. Àwọn ènìyàn ń sáré láì mọ ibi tí wọ́n forí lé. Ọ̀pọ̀ obìnrin àti ọmọdé já sínú kánáàlì ní Òkè-Afá, ní Ìsọlọ̀, nínú òkùnkùn, omi sì gbé wọn. Àwọn tí ó kú lé ní 1,000. Àwọn tí ó là á já ń bẹ láàárín wa ní Èkó títí di òní, àwọn mìíràn nínú wọn kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí.

Àwọn dókítà a máa pe àìsàn tí ó ń ṣe ìyá aláṣọ wa ní PTSD. Ní 1980 ni àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà kọ orúkọ yìí sínú ìwé àìsàn wọn, lẹ́yìn tí ọ̀pọ̀ ọmọ ogun wọn ti ti ogun Vietnam dé tí ara wọn le, ṣùgbọ́n tí ọkàn wọn kò bá wọn dé. Orúkọ náà ni ó jẹ́ tuntun; àìsàn náà ti wà tipẹ́. Ní èdè tiwa a lè pè é ní àìsàn ìpayà tí kò lọ.

Báwo ni a ṣe ń dá a mọ̀? Ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ á máa padà wá bá ènìyàn láì pè é, lójú àlá tàbí lójú ọ̀sán gangan, kì í ṣe bí ìgbà tí a ń rántí nǹkan, bí kò ṣe bí ẹni pé ó tún ń ṣẹlẹ̀. Onítọ̀hún á máa sá fún ibi, ènìyàn tàbí ọ̀rọ̀ tí ó lè mú un rántí. Inú rẹ̀ á tutù sí ohun tí ó fẹ́ràn tẹ́lẹ̀. Á máa dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Á jókòó láàárín àwọn ọmọ rẹ̀ bí ẹni tí ó jókòó láàárín àlejò. Ara rẹ̀ kò ní balẹ̀ nígbà kankan: ìbínú òjijì, àìsùn, ìfòyà bí ilẹ̀kùn bá dún. Bí èyí bá ń ṣẹlẹ̀ fún ohun tí ó ju oṣù kan lọ, tí kò sì jẹ́ kí ó lè ṣe iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ti di ti ilé ìwòsàn. Bí kò bá tíì pé oṣù kan, ẹ má tíì sọ ọ́ di àìsàn. Ara ń gbìyànjú láti wo ara rẹ̀ sàn ni, púpọ̀ nínú wa ni ó sì máa ń sàn fún bẹ́ẹ̀.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa níhìn-ín, ara ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Obìnrin á ní orí ń gbóná, àyà ń lù kìkì, nǹkan ń rìn nínú orí bí èèrà, etí ń hó. Àwọn baba wa mọ irú èyí, wọ́n ń pè é ní ọdẹ orí. A kò sọ pé gbogbo ọdẹ orí ni ó jẹ́ àìsàn ìpayà o, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru náà lè mú kí àyà lù kìkì, ó sì yẹ kí a yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n nígbà tí obìnrin bá ti ṣe àyẹ̀wò ibà ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin tí wọn kò rí nǹkan kan, ó yẹ kí ẹnì kan bi í pé, "Kí ni ojú yín ti rí, Màmá?"

Ẹ jẹ́ kí a wá sórí kókó ọ̀rọ̀ wa, èyíinì ni iye rẹ̀. Àwọn onímọ̀ kan ṣe ìwádìí ńlá kan lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ní orílẹ̀-èdè 24. Ènìyàn 68,894 ni wọ́n bi léèrè ọ̀rọ̀. Nàìjíríà wà lára wọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn ni ó darí iṣẹ́ náà ní ọ̀dọ̀ tiwa. Nínú ènìyàn 100, àwọn bí 70 ni ó ti rí ó kéré tán àjálù ńlá kan láyé wọn, àwọn bí 30 sì ti rí mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn èyí tí ó wọ́pọ̀ jù kì í ṣe ohun tí ó jìnnà sí wa: kí ènìyàn wa kú lójijì, kí a rí ẹni tí ó ń kú tàbí tí ó fara pa yánnayànna, kí olè dá wa lọ́nà, ìjàǹbá ọkọ̀, àìsàn tàbí ọgbẹ́ tí ó fẹ́ gba ẹ̀mí. Mélòó nínú wa tí ó ń ka ìwé yìí ni kò tíì rí ọ̀kan nínú wọn?

Ní agbègbè West Nile, níbi tí Uganda àti South Sudan ti pààlà, ni a ti rí bí iye náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Ogun ti jà á níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ogunléndé sì kún ibẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Frank Neuner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ti Yunifásítì Konstanz ní Jámánì wá, bi àwọn ènìyàn tí ó lé ní 3,000 léèrè irú àjálù tí wọ́n ti rí, wọ́n sì kà á ní ẹyọ ẹyọ. Ní 2004 wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde. Láàárín àwọn tí ó rí oríṣi mẹ́ta tàbí tí kò tó bẹ́ẹ̀, àwọn 23 nínú 100 ni ó ní àìsàn ìpayà. Bí iye ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ó ń ṣàìsàn ń pọ̀ sí i. Nígbà tí ó fi máa dé orí àwọn tí ó rí oríṣi 28 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sí ẹnì kan nínú wọn tí àìsàn náà kò mú. Kò sí ẹnì kan.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún ìlà yẹn kà. Ohun tí ó ń sọ ni pé kò sí ẹni tí a dá tí ó le tó bẹ́ẹ̀ tí ẹrù kò lè wó o. Ẹni tí ó dúró ṣinṣin lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, bóyá ẹrù tirẹ̀ kò tíì pọ̀ tó ti ẹni tí ó ṣubú ni. Nítorí náà ọ̀rọ̀ pé "ọkàn rẹ̀ kò le" tàbí "ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò tó" kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ó ti ẹnu wa jáde.

Kí ló dé tí ẹrù àtijọ́ fi ń wúwo sí i dípò kí ó máa fúyẹ́? Ìrántí tí ó wà létòlétò ní ọjọ́, ó sì ní ibi. Bí a bá rántí ọjọ́ ìgbéyàwó wa, a mọ̀ pé ọjọ́ náà ti lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìpayà ńlá bá dé, apá kan nínú ọpọlọ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti kìlọ̀ ewu, tí wọ́n ń pè ní amygdala, a gba iṣẹ́ ṣe tagbáratagbára. Apá kejì tí ń bá wa fi ọjọ́ àti ibi sí ìrántí, tí wọ́n ń pè ní hippocampus, kò ní rí iṣẹ́ tirẹ̀ ṣe dáadáa. Ohun tí ó máa ń kù ni òórùn èéfín, ariwo, àyà tí ń já, ọwọ́ tí ń gbọ̀n, láì sí ọjọ́ lára wọn. Ohun tí kò ní ọjọ́ lára, ọkàn kò lè mọ̀ pé ó ti kọjá.

Bí àjálù kejì bá wá dé, ibi rẹ̀ lè yàtọ̀, ọdún rẹ̀ lè yàtọ̀, ṣùgbọ́n àyà kan náà ni ó já, "kò sí ẹni tí yóò gbà mí" kan náà ni ó wà lọ́kàn. Ibi tí wọ́n ti jọra yẹn ni wọ́n ti ń so mọ́ra, bí okùn àwọ̀n apẹja. Ẹ fa okùn kan níhìn-ín, gbogbo àwọ̀n ni yóò mì. Ìdí nìyí tí èéfín ọjà fi lè jí ohùn àbúrò tí ó kú sódò dìde. Kò tilẹ̀ di dandan kí iná jó lẹ́ẹ̀kejì; búrẹ́dì tí ó jóná nílé ìdáná ti tó. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá.

A máa ń ka ìtàn Náómì, a sì máa ń yára kọjá sórí Rúùtù, nítorí ibi tí ìtàn náà ti dùn nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ kí a ka ẹrù Náómì. Ìyàn lé e kúrò ní Bẹ́tílẹ́hẹ́mù. Ó di àlejò ní Móábù. Ọkọ rẹ̀ kú síbẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kú, èkejì náà tún kú. Márùn-ún nìyẹn. Nígbà tí ó padà délé, àwọn obìnrin ìlú fẹ́rẹ̀ẹ́ má dá a mọ̀, òun fúnra rẹ̀ sì ní kí wọ́n pa orúkọ òun dà sí Márà nítorí ìkorò tí ó bá a. Kò sí ibi tí a ti bá a wí fún gbólóhùn yẹn nínú ìwé náà.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ka ẹ̀kọ́ yìí kí ẹ̀rù wá bà á pé òun ti di aláìsàn nítorí ohun tí ojú òun ti rí. Nínú ìwádìí orílẹ̀-èdè 24 yẹn, àwọn tí ó rí àjálù tí ó sì di àìsàn ìpayà sí wọn lára kò tó 6 nínú 100. Àjálù kì í ṣe ègún. Bákan náà, kì í ṣe gbogbo ẹrù ni ó wúwo bákan náà. Èyí tí ènìyàn mọ̀ọ́mọ̀ ṣe síni, pàápàá ìfipábánilòpọ̀ àti ìlù tí ọkọ ń luni nínú ilé, ń dá ọgbẹ́ tí ó jìn ju ti ìjàǹbá lọ. Bóyá ìyẹn wà lára ohun tí ó fà á tí àìsàn yìí fi ń mú obìnrin ju ọkùnrin lọ. Nínú ìwádìí kan tí a gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1995, obìnrin bí 10 nínú 100 ni ó ti ní in rí láyé wọn, ọkùnrin sì jẹ́ 5.

Ẹ wo opó pẹ̀lú. Ikú ọkọ lójijì jẹ́ ẹrù kan. Bí àwọn ẹbí ọkọ bá tún ní òun ni ó pa á, tí wọ́n ti í mọ́lé, tí wọ́n kó ẹrù ilé, wọ́n ti di ẹrù mìíràn lé e lórí kí ó tó sọ ti àkọ́kọ́ kalẹ̀. Ọwọ́ wa kò lè dá ikú dúró, ṣùgbọ́n ẹrù kejì yìí, obìnrin ni ó sábà máa ń dì í fún obìnrin, àwa náà ni a sì lè kọ̀ láti bá wọn dì í.

Kí ni ẹgbẹ́ lè ṣe nígbà náà? Pẹ̀lẹ́ lákọ, ó lábo. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí àjálù bá ṣẹlẹ̀, ohun tí ènìyàn nílò ni oúnjẹ, omi gbígbóná, ibi tí yóò sùn sí, ẹni tí yóò bá a bójú tó ọmọ, àti ẹnì kan tí yóò jókòó tì í. Bí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ gbọ́. Bí kò bá fẹ́, ẹ má fi ipá mú un. Ìgbà kan wà tí wọ́n ń kó àwọn tí àjálù ṣẹlẹ̀ sí jọ lójú ẹsẹ̀ tí wọ́n ń ní kí oníkálùkù ro gbogbo rẹ̀. Nígbà tí a wá yẹ̀ ẹ́ wò, a rí i pé kò dá àìsàn náà dúró. Nítorí náà kí àwa náà má ṣe sáré pe ẹni tí ìdààmú ṣẹ̀ṣẹ̀ bá síwájú ìjọ pé kó wá jẹ́rìí. Kí a má sì máa fi àjálù wé àjálù: "Ti lágbájá kò wa burú ju tìrẹ lọ?" Ọ̀rọ̀ yẹn ti lé ọ̀pọ̀ obìnrin padà sínú yàrá wọn.

Ẹ ṣọ́ra fún oògùn oorun irú Valium tí a ń rà lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe dókítà. Àjọ Ìlera Àgbáyé kìlọ̀ ní 2013 pé kí a má ṣe máa fún àwọn tí àjálù ṣẹ̀ṣẹ̀ bá ní irú rẹ̀ nítorí ìpayà náà. Ó lè mú oorun wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń di bárakú, kì í sì í wo ọgbẹ́ náà.

Ìtọ́jú gidi wà. Ọ̀kan nínú wọn wù wá láti ròyìn nítorí pé ohun tí ọwọ́ obìnrin mọ̀ ni wọ́n ń lò. Wọ́n á na okùn kan sílẹ̀; okùn yẹn ni ìgbésí ayé onítọ̀hún láti ọjọ́ ìbí rẹ̀. Á gbé òdòdó sí ibi tí ayọ̀ wà, á gbé òkúta sí ibi tí ìpayà wà, òkúta ńlá fún èyí tí ó wúwo, kékeré fún èyí tí ó fúyẹ́. Lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ díẹ̀ díẹ̀, á máa ro ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ó bá dé orí òkúta kan, olùtọ́jú á bá a dúró níbẹ̀ títí yóò fi sọ ọ́ délẹ̀: níbo ni, ọjọ́ wo ni, kí ni etí gbọ́, kí ni ara ṣe, kí ni ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Olùtọ́jú á kọ ọ́ sílẹ̀, á kà á sí i létí nígbà mìíràn tí wọ́n bá pàdé. Bẹ́ẹ̀ ni òkúta kọ̀ọ̀kan ṣe ń rí ọjọ́ àti ibi tirẹ̀ gbà, tí ọkàn sì ń mọ̀ pé ó ti kọjá.

Wọ́n dán èyí wò pẹ̀lú ogunléndé 43 láti Sudan tí wọ́n wà ní Uganda, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2004. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin péré ni wọ́n jókòó pẹ̀lú wọn. Lẹ́yìn ọdún kan, nínú àwọn tí ó ro ìtàn wọn bẹ́ẹ̀, 29 nínú 100 ni àìsàn náà ṣì wà lára wọn. Nínú àwọn tí a kàn ń fún ní ìmọ̀ràn àti ìtùnú, 79 ni. Ní 2008 ìwádìí mìíràn jáde láti orílẹ̀-èdè yẹn kan náà, níbi tí àwọn tí ó ṣe ìtọ́jú náà kì í ti í ṣe dókítà rárá: ogunléndé ni àwọn náà, a kàn kọ́ wọn níṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni, àwọn tí wọ́n tọ́jú sì sàn. A kò sọ èyí kí ẹnikẹ́ni lè lọ ra okùn lọ́la kí ó máa tú ọgbẹ́ ọlọ́gbẹ́. Ẹni tí kò kọ́ ọ lè ṣe ìpalára. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé obìnrin tí ó bá kọ́ ọ lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lè ṣe é, ó sì yẹ kí ẹgbẹ́ ronú sí rírán ẹnì kan tàbí méjì lọ kọ́ irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀.

Ní agbègbè tiwa, ilé ìwòsàn ọpọlọ wà ní Arò ní Abẹ́òkúta àti ní Yábàá ní Èkó. UCH ní Ìbàdàn náà ní ẹ̀ka tirẹ̀. A mọ̀ pé orúkọ Arò máa ń ba ènìyàn lẹ́rù. Ó yẹ kí a rántí pé láti 1954 ni Dókítà Thomas Adéoyè Lambo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀, tí ó ń jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé ní àárín àwọn ará abúlé pẹ̀lú ẹbí wọn dípò kí a tì wọ́n mọ́lé, ayé sì wá kọ́ ọgbọ́n náà lọ́dọ̀ rẹ̀. Òfin ìlera ọpọlọ tuntun tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù Kìn-ín-ní 2023 ti rọ́pò òfin 1958 tí ó ń pe irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ ní wèrè. Ẹni tí ó bá ń sọ pé ayé ti sú òun, tàbí pé ikú yá ju èyí lọ, ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ mú un dé ilé ìwòsàn.

Fún ìjíròrò ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan: Ta ni ó ti kúrò nínú ìpàdé wa láàárín ọdún kan, tí a kò sì tíì lọ wò? Irú ọ̀rọ̀ wo ni a máa ń sọ fún opó ní ilé ọ̀fọ̀, èwo nínú rẹ̀ ni ó yẹ kí a dẹ́kun sísọ? Nínú wa, ta ni ó lè tẹ̀ lé arábìnrin kan lọ sí ilé ìwòsàn tí kò sì ní ròyìn rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni? Kí olórí ẹ̀ka jẹ́ kí gbogbo ènìyàn mọ̀ ṣáájú pé kò sí ẹni tí a ó ní kí ó sọ ìtàn ara rẹ̀ nínú ìpàdé náà. Bí ẹ̀kọ́ yìí bá mú ẹnì kan rántí nǹkan tí ó sì dìde jáde, kí ẹni tí ó fọkàn tán tẹ̀ lé e, kí ó bá a jókòó síta, kí ó má sì béèrè ohun tí ó fà á.